Orúkọ Tí Adènà Ò Mọ̀

Ojú fèrèsé ni ọkọ̀ ojú omi náà gúnlẹ̀ sí. Mo ní ojú fèrèsé, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan wà létíkun Mọ́sìkátì láyé ọjọ́sí. Òkun ti gbé àjà ìsàlẹ̀ ẹ̀ mì, ó gbé èyí tó tẹ̀ lé e mì, ó wá dúró sídìí fèrèsé àjà kẹta bí àlejò tó ń retí kí wọ́n ní kó wọlé. Ibẹ̀ làwọn èrò ti ń sọ̀. Wọ́n á na pákó látinú ọkọ̀ sínú yàrá, ẹ ó gbẹ́sẹ̀ kọjá níbi tí gíláàsì wà tẹ́lẹ̀, ẹ ó kàn bá ara yín lórí kápẹ́ẹ̀tì ni.

Sàfúrátù gbẹ́sẹ̀ kọjá. Ó fọwọ́ kan di ìró ẹ̀ mú, ó fi ìkejì gbá báàgì mọ́ra. Ó bojú wẹ̀yìn wo ọkọ̀ tó gbé e wá láti Èkó, ìgbòkun funfun tó ga ju òtẹ́ẹ̀lì náà lọ. Nígbà tó wà lọ́mọge, bàálù ló ń gbé èèyàn wá sílẹ̀ Lárúbáwá. Wàá sùn díẹ̀, wàá jí, o ti dé. Afẹ́fẹ́ nìkan ló kù báyìí o. Tí afẹ́fẹ́ bá ní òun ò ṣe lónìí, gbogbo yín á jókòó sójú omi, ẹ ó máa wo ara yín.

"Ta lẹ wá mú?" Ẹ̀rọ kan tí wọ́n gbé síbi tí bẹ́ẹ̀dì wà tẹ́lẹ̀ ló béèrè. Yorùbá ẹ̀ já gaara, ó kàn tutù bí omi inú fíríìjì ni.

Sàfúrátù yọ káàdì tí wọ́n kọ orúkọ sí nínú báàgì. Ó gbé káàdì lé ẹ̀rọ náà lójú.

"Mo ti rí i. Àbúrò ọkọ yín ni, Wádì Sídrà ló ń gbé. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, káàdì ò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀ o. Adènà ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnu ara yín lẹ máa fi pe orúkọ ẹni tẹ́ ẹ wá mú. Ẹni náà á gbọ́ ohùn yín nínú ilé ẹ̀. Tó bá ní òun mọ̀ yín, ọ̀nà á ṣí. Ìpè méjì lẹ ní. Tí méjèèjì ò bá wọlé, ọkọ̀ á gbé yín padà síbí."

"Ó ti yé mi."

Ó yé e lóòótọ́, ohun tó ń dùn ún gan-an nìyẹn. Látìgbà tó ti kúrò l'Ékòó ló ti ń gbìyànjú láti pe orúkọ yẹn níkọ̀kọ̀, nígbà táwọn tó kù bá ń sùn, tó bá fi ìborùn bo ẹnu. Ẹnu ò ṣí.

Ẹ̀rọ fún un ní yẹtí ògbufọ̀ kan, ó fi sétí, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé jáde síbi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ilẹ̀ ń dúró dè é. Ọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó wọ jalábíà funfun, ó dé fìlà oníṣẹ́ ọnà, irùngbọ̀n ẹ̀ ti ń funfun.

"Màmá, ẹ káàbọ̀ o! Ṣé ẹ ti jẹun?"

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Sàfúrátù, kó tó mọ̀. Ohùn tó jáde látinú yẹtí ẹ̀, ohùn ìyá Ìbàdàn kan ni, ìyá tó sanra, tó sì ti bímọ rẹpẹtẹ.

"Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?"

"Ohùn tí wọ́n fún ẹ ni. Ìyá Ìbàdàn ni ẹ́ létí mi."

"Ṣé ó rẹwà?"

"Ó lè bá gbogbo àdúgbò jà."

"Ẹ̀yin náà, sójà ni yín létí tèmi. Àyà mi ti ń já látìgbà tẹ́ ẹ ti lanu." Ọkùnrin náà ṣílẹ̀kùn fún un. "Kàláfù lorúkọ mi. Èmi ni awakọ̀ yín."

Awakọ̀ ni wọ́n ń pè é o, ṣùgbọ́n kò wa nǹkan kan. Ọkọ̀ náà ń wa ara ẹ̀. Kò ní sítíárìn, kò ní bíréèkì tẹ́ ẹ lè fẹsẹ̀ tẹ̀. Iṣẹ́ Kàláfù ni kó jókòó síwájú, tí ọkọ̀ bá kọlu ewúrẹ́ ẹnikẹ́ni, kó sọ̀ kalẹ̀ kó lọ bẹ ẹni tó ni ewúrẹ́. Òfin wọn nìyẹn. Wọ́n ní ẹ̀rọ mọ gbogbo nǹkan, ṣùgbọ́n kò mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀, nítorí náà ọkọ̀ kankan ò gbọdọ̀ rìn láìsí ẹni tó lè bẹ̀bẹ̀ nínú ẹ̀.

Ni wọ́n bá gbéra. Ọ̀nà náà gba etíkun lọ tààrà, àmọ́ òkun ti ga ju ọ̀nà lọ. Ògiri ló dá a dúró lọ́wọ́ òsì, omi wà lókè bí èèyàn tó ń yọjú wo ilé onílé. Lábẹ́ ògiri làwọn ẹ̀rọ tó ń fa omi tò sí, wọ́n ń bú ramúramù bí ìgbà tí gbogbo àdúgbò bá tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́wọ́ ọ̀tún, òkè ni, òkè pọ́ńbélé, ó pọ́n bíi búrẹ́dì tó jóná. Lórí òkè tó ga jù, nǹkan kan ń kọ mọ̀nà.

"Ìlú Òkè nìyẹn," ni Kàláfù sọ. "Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó gbogbo ará etíkun lọ. Ìyá mi wà níbẹ̀. Wọ́n fún wọn ní yàrá tó dáa, wọ́n sì ya òkun sára ògiri fún wọn."

"Ṣé wọ́n lè jáde?"

"Láti lọ síbo, Màmá? Ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́ ti di ti ibẹ̀ nìyẹn. Àfi ẹni tí ẹbí bá wá mú kó tó débẹ̀." Ó wo ojú ẹ̀ nínú dígí. "Ó dáa tẹ́ ẹ wá lónìí."

"Lónìí ni wọ́n fẹ́ pa àwọn ẹ̀rọ tó ń fa omi yìí lóòótọ́?"

"Ní Alásárì. Ṣé ẹ mọ̀ pé tí ládàánì bá ti ń pèrun, gbogbo ẹ̀rọ ìlú yìí gbọ́dọ̀ dákẹ́? Wọ́n á dákẹ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ lójoojúmọ́. Tòní ni pé wọn ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Omi á rọra gba ọ̀nà ẹ̀. Lọ́la, ọkọ̀ ìjọba á wá kó àwọn tó kù ní Wádì Sídrà lọ sókè."

Sàfúrátù di báàgì ẹ̀ mú. Tí kò bá mú ọmọ ilé ọkọ ẹ̀ yẹn kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó kírun Alásárì, òkun tí wọ́n yà sára ògiri lọmọ náà á máa wò títí ọlọ́jọ́ á fi dé.

Nígbà tí wọ́n jìnnà sílùú, Kàláfù ṣí fìlà ẹ̀, ó fi bo kámẹ́rà ọkọ̀ lójú. Ó yọ ìgò kékeré kan lápò, bí ìgò lọ́fínńdà.

"Màmá, ṣé ẹ lè pa àṣírí mọ́?"

"Kí ni yẹn?"

"Ẹ gbóòórùn ẹ̀ ná."

Ó ṣí i, ó nà án sẹ́yìn. Sàfúrátù fi imú sí i. Ó di ojú. Háà! Bẹntiróò! Ní orílẹ̀-èdè tí owó epo kọ́ láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, wọ́n lè ti èèyàn mọ́lé báyìí nítorí ìgò bẹntiróò kan.

"Ilé epo ni bàbá mi àgbà ní," ni Kàláfù sọ. Ohùn ìyá Ìbàdàn náà ti rọ̀. "Ìwọ̀nba tó kù nìyí. Mi ò kì í ṣí i fún gbogbo èèyàn. Ta lẹ rí nígbà tẹ́ ẹ dijú?"

Ta ló rí? Ó rí Ìwó. Ó rí ìrọ̀lẹ́, tí Ràímì ọkọ ẹ̀ ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ lórí ọ̀kadà, tí eruku pupa ń sáré tẹ̀ lé e, tí àbúrò ẹ̀ obìnrin jókòó síwájú lórí táǹkì epo, tó ń fẹnu pariwo "pọ́ọ̀n! pọ́ọ̀n!" sí gbogbo adìẹ. Ó rí iná igi lẹ́yìnkùlé, ìkòkò omi gbígbóná lórí ẹ̀. Ọmọ yẹn kì í fẹ́ wẹ̀! Tó bá ti rí i pé ìyàwó ń bu omi sí garawa, á ti sá pamọ́ sẹ́yìn dírọ́ọ̀mù. Sàfúrátù á dúró láàrin agbolé, á figbe ta: "Omi ti lọ́ o!" Dírọ́ọ̀mù á dákẹ́ díẹ̀, ohùn kékeré kan á wá jáde: "Ṣé ò gbóná jù?" Ìyẹn nìkan. Lójoojúmọ́. Kò ní jáde láìbéèrè.

"Ọkọ mi ni mo rí," ló dáhùn. "Àti ẹni tí mò ń lọ mú. Eyínfúnjowó."

"Bó ṣe ń jẹ́ nìyẹn?"

"Bí mo ṣe ń pè é nìyẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi wọlé bí ìyàwó, tí wọ́n fomi fọ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ kékeré kan dúró, ó fọwọ́ bo ẹnu. Eyín iwájú ẹ̀ ti bọ́ tán, ojú ń tì í. Mo ní kí n fún un lórúkọ tó máa jẹ́ kó mọ́wọ́ kúrò. Mo pè é ní Eyínfúnjowó. Bó ṣe rẹ́rìn-ín nìyẹn, tí gbogbo ihò ẹnu ẹ̀ hàn síta."

"Ẹni tí ò léyín, lẹ ní eyín ẹ̀ funfun ju owó ẹyọ lọ?"

"Ẹni tí ò léyín."

Kàláfù rẹ́rìn-ín títí tí ọkọ̀ fi béèrè bóyá ara ẹ̀ yá.

"Ẹ ò ṣe wá pe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́?"

"Ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ ilé. Gbogbo ẹni tó bá ti wà nílé ọkọ ẹ̀ kó tó débẹ̀, ọ̀gá ẹ̀ ni. Ìkókó tó wà lẹ́yìn ìyá ẹ̀ gan-an. 'Ẹ' ni mò ń fi bá a sọ̀rọ̀, ó sì ń pè mí ní ìyàwó."

"Ìkókó! Tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é níbí, ìyàwó mi á máa kúnlẹ̀ fún ewúrẹ́ wa."

"Tí ewúrẹ́ náà bá ti ṣáájú ẹ̀ délé, kí ló burú níbẹ̀?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Kàláfù ló kọ́kọ́ dákẹ́.

"Màmá. Adènà wá ńkọ́?"

Sàfúrátù yíjú sí òkè. Kò mọ bó ṣe máa sọ ọ́ fún un. Ràímì ti kú. Ìyá ọkọ ẹ̀ ti kú, àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀ ti lọ tán. Ní Èkó, Màmá ni wọ́n ń pè é, Àlájà, Ìyá Àgbà. Nínú gbogbo ayé ńlá yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó lè là á mọ́lẹ̀ pé ìyàwó ni. Tó bá wá lanu pe ọmọ ọkọ ẹ̀ lórúkọ gbàgàdà bí ẹni ń pe aládùúgbò, ìyàwó ta ló tún kù tó máa jẹ́?

"Ó ti pẹ́ tí kò ti gbé fóònù mọ́," ló wá sọ. "Igi dàbínù tó lè mu omi iyọ̀ ló wá ń tọ́jú níbí. Ó kàn dákẹ́ lójijì."

"Ẹ má dá a lẹ́bi. Àwọn tó ń kó èèyàn lọ sókè, wọ́n ti ń jí ohùn. Àbúrò bàbá mi, ọmọ ẹ̀ tó ti kú ló pè é. Ó ní, 'Bàbá, ẹ jáde, mo wà níta.' Bàbá jáde. Ọkọ̀ ìjọba ló bá níta." Kàláfù pa ìgò ẹ̀ dé. "Kò sẹ́ni tó ń gba ohùn gbọ́ mọ́ ní etíkun yìí."

Wọ́n dé Wádì Sídrà nígbà tí òrùn ti ń yẹ̀. Ilẹ̀kùn irin dí ọ̀nà. Lẹ́yìn ẹ̀, omi ti wọ̀ sáàrin òkè bí ahọ́n, ní òdìkejì omi náà sì ni ìwọ̀nba ilé tó kù wà, ilé funfun wẹ́wẹ́. Ó sún mọ́ tòsí débi pé ẹ lè rí aṣọ tí wọ́n sá. Àmọ́ àwọn ẹ̀rọ tó ń fa omi ń bú débi pé tẹ́ ẹ bá pariwo, ẹ ò ní gbọ́ ara yín.

Adènà ò tiẹ̀ ga. Òpó òkúta funfun ni, ó ní ojú kan, ó ní ẹnu alájere. Àwọn awakọ̀ ti fi fìlà àtijọ́ kan dé e lórí, bóyá torí ọ̀wọ̀, bóyá torí yẹ̀yẹ́. Fèrèsé ọkọ̀ wálẹ̀ fúnra ẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu náà gan-an.

"Ẹ pe orúkọ," ni Adènà wí.

Sàfúrátù lanu, ó pa á dé. Ó wo àwọn ilé yẹn. Ó wo òrùn. Kàláfù ń wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀.

Ó ní, "Ẹ dárí jì mí o, ìyá ọkọ mi." Ó di ojú. "Sàlámátù. Sàlámátù Àjọkẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jáde. Ó korò lẹ́nu ẹ̀ bí oògùn ibà. Adènà gba ohùn náà, ó gbé e lọ. Wọ́n dúró. Lẹ́yìn náà, ohùn kan ti inú òpó jáde, ohùn obìnrin tó ti rẹ̀, tó ń sọ Yorùbá Ìwó.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ gbìyànjú tòní. Ó jọ ọ́ gan-an ni, ó tiẹ̀ ti darúgbó bó ṣe yẹ kó darúgbó. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá yín pé ìyàwó wa ò pe orúkọ mi rí láyé ẹ̀, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹ lọ tún un ṣe."

Ohùn náà já.

Sàfúrátù ò mọ èwo ni kó ṣe nínú ẹkún àti ẹ̀rín. Ìyàwó wa. Ó ṣì ń pè é ní ìyàwó wa! Òun tó ti ń da ara ẹ̀ láàmú láti Èkó wá nítorí àtipe orúkọ, àìpè gan-an lọmọ náà fi ń dá a mọ̀. Ó na ọrùn síta fèrèsé.

"Eyínfúnjowó! Èmi ni! Eyínfúnjowó!"

"Mi ò ní orúkọ yẹn," ni Adènà wí. "Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Wádì Sídrà. Mi ò lè jíṣẹ́ ẹ̀. Ìpè yín ti parí, Màmá. Ẹ máa lọ ire."

"Ìwọ òpó yìí, ṣé ìwọ lo máa sọ bó ṣe ń jẹ́ fún mi?"

Fèrèsé ti ń padà sókè. Ọkọ̀ ti ń yí imú padà sí ọ̀nà Mọ́sìkátì.

"Kàláfù! Dá a dúró!"

"Kò ní nǹkan tí mo lè fi dá a dúró, Màmá." Kàláfù wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ló bá ṣílẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́, ó dúró sójú ọ̀nà pẹ̀lú jalábíà ẹ̀. Ọkọ̀ dúró gbagidi.

"Ọ̀gbẹ́ni Kàláfù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà síjòókòó yín," ni ọkọ̀ wí. "Mi ò lè rìn láìsí ẹni tó lè bẹ̀bẹ̀."

"Mo mọ̀," ni Kàláfù sọ. "Máa bẹ̀ mí, kí n wò ó."

Sàfúrátù ti bọ́ sílẹ̀. Ó ń gun àtẹ̀gùn irin ara ògiri, ó ká ìró mọ́ orúnkún, atẹ́gùn òkun ń já ìborùn ẹ̀. Nígbà tó dókè, ó figbe ta. Ẹ̀rọ gbé igbe náà mì. Ó tún ta á. Òun fúnra ẹ̀ ò gbọ́ ohùn ara ẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ládàánì bẹ̀rẹ̀.

Ohùn náà wá láti òdìkejì omi, ohùn bàbá àgbà kan, èèyàn gidi. Bó ṣe sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, àwọn ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ ní ìkọ̀ọ̀kan, láti Mọ́sìkátì títí dé ibi tí Sàfúrátù dúró sí, bí ìgbà tí NẸPA bá mú iná láyé àtijọ́ tí gbogbo ilé á dákẹ́ wìì. Kàláfù ṣí fìlà, ó tún un dé dáadáa. Sàfúrátù dúró, ó di ọwọ́ mọ́ra títí ládàánì fi parí.

Àwọn ẹ̀rọ ò tún bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wá dé, irú èyí tí etíkun yẹn ò tíì gbọ́ látọjọ́ tí wọ́n ti mọ ògiri. Ẹ lè gbọ́ bí omi ṣe ń jò wọlé lábẹ́.

Sàfúrátù ò pariwo bí ẹni tó wà nínú wàhálà. Ó fọwọ́ méjèèjì kó ẹnu, ó gbé ohùn sókè bó ṣe ń gbé e láàrin agbolé ní ìrọ̀lẹ́, tí èéfín iná igi ń ta á lójú.

"Eyínfúnjowó o! Omi ti lọ́ o!"

Òkè gbà á, ó dá a padà. Omi ti lọ́ o, ti lọ́ o. Aṣọ tí wọ́n sá ń jó lórí okùn. Kò sí nǹkan kan. Kàláfù tẹ orí ba, omi ti dé bàtà ẹ̀.

Ilẹ̀kùn kan ṣí lọ́hùn-ún. Ènìyàn kan yọ jáde, ó dúró. Ohùn náà wá rìn lórí omi, ó rọra ń bọ̀, bí ẹni tí ò gba ara ẹ̀ gbọ́.

"Ṣé ò gbóná jù?"

Sàfúrátù jókòó lórí ògiri bẹ́ẹ̀. "Kò gbóná jù o!" ló ń wí, omijé bo gbogbo ojú ẹ̀. "Mo ti fi tútù sí i! Ẹ máa bọ̀!"

Wọn ò ṣí ilẹ̀kùn irin fún Eyínfúnjowó o. Ọkọ̀ ojú omi kékeré ló fi wá, ọkọ̀ alájẹ̀ tó ń fọwọ́ ara ẹ̀ wà, ẹrù ẹ̀ ò ju àpò kan àti ìkòkò igi dàbínù kékeré kan lọ. Kàláfù wọ́ inú omi lọ bá a, ó bá a fa ọkọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Irun obìnrin náà ti funfun. Ó gun àtẹ̀gùn sókè, ó dúró síwájú Sàfúrátù, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ìyàwó," ló wí. "Má rẹ́rìn-ín o."

Ló bá mọ́wọ́ kúrò. Gbogbo iwájú ẹnu ẹ̀ ṣófo, gẹ́lẹ́ bíi ti ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, Adènà tún lanu. "Màmá, mo gbọ́ orúkọ kan tí mi ò ní tẹ́lẹ̀. Ṣé kí n fi kún èyí tí mo mọ̀ nípa obìnrin yìí?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

"Rárá," ni wọ́n jọ sọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Sàfúrátù bá kúnlẹ̀ níbẹ̀, lójú ọ̀nà, orúnkún méjèèjì nínú omi òkun, bó ṣe kúnlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fọ ẹsẹ̀ ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ní Ìwó. "Ẹ kú àtijọ́ o," ló wí. "Ẹ kú àìrí."

Eyínfúnjowó na ọwọ́ sí i.

"Dìde, ìyàwó wa. Òkun ń bọ̀."